Ìjókòó Iwájú Kò Lẹ́ni

Ẹ-Má-Bínú ni gbogbo ilé ìfọṣọ ń pe awakọ̀ tuntun náà, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu. Tó bá tẹ ẹsẹ̀ èèyàn mọ́lẹ̀, á ní ẹ má bínú. Tí èèyàn bá tẹ ẹsẹ̀ tiẹ̀ mọ́lẹ̀, á tún ní ẹ má bínú. Lọ́jọ́ kan ó forí gbá òpó tí wọ́n so okùn ìsáṣọ mọ́ lẹ́yìnkùlé, ó sì ti bẹ òpó náà tán kó tó rántí pé òpó kò létí. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí ọṣẹ fi hó kúnlẹ̀.

Èèyàn dáadáa ni o. Ìtìjú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ojú á máa tì í láti sọ̀rọ̀, tó bá sì dákẹ́ tán, ojú á tún máa tì í pé òun ò sọ̀rọ̀.

Aṣọ ìbùsùn àti kọ́tíìnì òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ níbi iṣẹ́ náà. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì gígùn kan tó ń gba èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun ni wọ́n fi ń kó òṣìṣẹ́ lọ tí òtẹ́ẹ̀lì kan bá ní kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Baba Awakọ̀ ló ń wà á tẹ́lẹ̀ kí orókún tó ní kó lọ jókòó sílé. Ẹ-Má-Bínú ní tiẹ̀, ọkọ̀ kékeré dókítà eyín kan ló ti ń wà kó tó débẹ̀, ọkọ̀ tó jẹ́ pé tí o bá sín nínú rẹ̀, díńgí iwájú ni yóò kí ẹ pẹ̀lẹ́.

Kí Baba Awakọ̀ tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, ó fà á lọ́wọ́ yí bọ́ọ̀sì náà ká. Ó ní kó má rò pé ọkọ̀ kékeré tó dàgbà ni o, pé ìwà wọn ò jọra. Ó ní ọkọ̀ yìí ga, kì í pẹ́ ṣubú. Ó fọwọ́ gbá ìdí ọkọ̀ náà, ó ní kó wo bó ṣe yọ jáde kọjá táyà ẹ̀yìn bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ, pé tí èrò bá pọ̀ níbẹ̀ tí iwájú sì ṣófo, sítíárìn á kàn máa bá a ṣeré lọ́wọ́ ni. Iwájú ni kó ti máa kó èèyàn wọlé. Kó má gbé ẹrù sórí ọkọ̀. Kó máa yẹ táyà wò, torí táyà tó rọ̀ lábẹ́ ẹrù, ikú ló rọ̀ sílẹ̀ yẹn. Kí gbogbo èrò de bẹ́líìtì, àgbà tàbí ọmọdé. Èyí tó wá gbé ohùn sókè sọ jù lọ ni pé tí nǹkan bá sáré gba iwájú rẹ̀ kọjá, bíréèkì ni kó tẹ̀, kó má ja sítíárìn.

Gbogbo rẹ̀ ni Ẹ-Má-Bínú ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní kí baba náà tún un sọ. Nígbà tó délé, ó jókòó ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níbi tó ti ń ránṣọ, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fún un láti orí dé ìdí, ó tiẹ̀ fi àpótí òwú ṣe bọ́ọ̀sì kí ó lè yé e. Nítorí náà kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyá àfẹ́sọ́nà yìí gan-an ni ìṣòro. Òun ni Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn tó ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ ọ̀hún. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, tó bá na áyọ́ọ̀nù sí aṣọ, aṣọ á ti na ara rẹ̀ kó tó débẹ̀. Bàbá ọmọ ti rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà, ìyẹn sì ti tó lọ́wọ́ bàbá. Ìyá ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun ṣì ń wò ó. Bó ṣe ń wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń wá ìdọ̀tí tí ọṣẹ ò rí, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wo ọmọkùnrin ọ̀hún.

Ẹ-Má-Bínú wá múra pé ìyá yìí ò ní rí àbùkù kankan lára òun. Tí ìyá bá ní ọ̀sán ti di òru, á tan fìtílà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yán.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn ìlú ló ní kí wọ́n wá fi áyọ́ọ̀nù lọ kọ́tíìnì tuntun lójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Máníjà fúnra rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì, iwájú ló jókòó sí, ó sì tò wọ́n káàkiri bí ẹní to ẹyin sínú páálí. Wọ́n dé ire. Wọ́n ṣiṣẹ́ tán. Máníjà ní kí wọ́n máa lọ, pé òun ṣì fẹ́ bá onílé sọ̀rọ̀.

Ìgbà tí wọ́n jáde síta ni wọ́n rí i pé òtẹ́ẹ̀lì ń ta ẹrù àtijọ́ ní gbàǹjo, lówó pọ́ọ́kú. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù rí kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní díńgí gíga lójú, ó fọwọ́ pa á, ó ṣí i, ó tì í. Ó ní ọmọ òun ni yóò kó aṣọ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá relé ọkọ. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó yíjú wo Ẹ-Má-Bínú. Ọkàn ọmọkùnrin náà fò bí ẹja inú agbada. Látọjọ́ tó ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló sún mọ́ bẹ́ẹ̀ ni jù.

Bí ìyá ti rà, gbogbo wọn rà. Ẹnì kan ra tìmùtìmù, òmíràn ra irin bẹ́ẹ̀dì. Àpọ́n, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ra ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn lásán o, tí nọ́ńbà mẹ́rìnlá ṣì wà lójú rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ló gbà, yàrá náà sì ní ilẹ̀kùn. Wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní èèyàn kì í rí ilẹ̀kùn gidi lójoojúmọ́.

Orí bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Ẹ-Má-Bínú dúró nísàlẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu dáadáa: Màmá, wọn ò ní ká gbé ẹrù sórí ọkọ̀ yìí. Ó lá ètè. Ó súnmọ́ ìyá. Ó lanu.

“Màmá, ṣé kí n bá yín wá okùn?”

Ohun tó jáde nìyẹn. Ìyá ní ọmọ dáadáa ni. Ó sì lọ wá okùn.

Nígbà tó ń so ó, ó rí i pé táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì rọ̀ díẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ta á. Táyà náà ò sọ nǹkan kan. Kó tó lè fẹ́ ẹ, á ní láti wà á lọ sọ́dọ̀ afẹ́táyà, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n dúró sínú oòrùn, kí ìyá máa nu òógùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá bí wọ́n ṣe gbé ọkọ̀ náà síbẹ̀ ni.

Wọ́n wá wọlé. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù kọjá gbogbo ìjókòó, ó lọ sí ẹ̀yìn pátápátá. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tí yóò jókòó síbi tí orókún òun yóò ti máa gún ẹni tó lè di àna òun lẹ́yìn. Ó tún ní páálí bísíkíìtì kan lọ́wọ́ àti ìròyìn ẹnìkan níbi iṣẹ́ tó ń pa irun dúdú. Ta ni yóò jókòó síwájú pẹ̀lú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn? Gbogbo wọn rọ́ lọ bá a, wọ́n há sórí ìjókòó méjì tó kẹ́yìn bí tòmátò inú agolo. Gbogbo ìjókòó iwájú wá ṣófo bí ti kíláàsì tí tíṣà ti fẹ́ béèrè ìṣirò, Ẹ-Má-Bínú nìkan ló kù síbẹ̀ bí ẹni tó ní ikọ́ ife.

Ó dìde, ó yíjú sí wọn. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, bóyá kí àwọn kan wá síwájú.

Àpọ́n bi í pé kí làwọn fẹ́ wá ṣe níwájú, ṣé ó fẹ́ káwọn bá a di sítíárìn mú ni. Ẹ̀rín sọ. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó gbé bísíkíìtì kúrò lẹ́nu, ó sì wo awakọ̀ náà.

“Ọmọ mi, ṣé ibi tí mo jókòó sí yìí ń dí ẹ lọ́wọ́ ni?”

Ọ̀nà ti là fún un yẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ohùn Baba Awakọ̀ kedere nínú orí rẹ̀, ó gbọ́ títí dé orí ọ̀rọ̀ ìdí pẹ́pẹ́yẹ.

“Rárá o, mà,” ó ní. “Ẹ má bínú.”

Bẹ́líìtì ńkọ́? Ó rí i pé bẹ́líìtì wọn ti ṣubú sáàárín ìjókòó pẹ̀lú èérún àná. Ó rò ó pé báwo lòun ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ńlá bẹ́ẹ̀ pé kó de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ọjà. Ó jókòó, ó de tiẹ̀, ó ṣí iná ọkọ̀.

Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ àárọ̀ mọ́. Imú rẹ̀ fúyẹ́. Tí afẹ́fẹ́ bá ti gbá kọ́bọ́ọ̀dù lórí, ìdí ọkọ̀ á mì lọ mì bọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbádùn rẹ̀ gan-an. Àpọ́n ní bí ìgbà tí wọ́n ń gbé òun pọ̀n ni, kí awakọ̀ tún un fì. Ẹ-Má-Bínú dín eré kù. Wọ́n ní ìgbín kan ti kọjá wọn, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Ìyá náà ní òjò ṣú, kó jọ̀ọ́ kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí omi má ba kọ́bọ́ọ̀dù ọmọ òun jẹ́. Ó bá tẹ̀ ẹ́.

Ibi kọ́nà kan ni pẹ́pẹ́yẹ ti jáde, ìyá níwájú, àwọn ọmọ lẹ́yìn lórí ìlà, tí wọ́n ń lọ bí ẹni tó ni ọ̀nà. Ká ní ọkọ̀ dókítà eyín ni, fífà díẹ̀ sósì ti tó. Ọwọ́ rẹ̀ sì fà á bẹ́ẹ̀. Kó tó rántí bíréèkì, ìdí bọ́ọ̀sì ti ya lọ síbòmíì. Ó já a padà sọ́tùn-ún. Táyà tó rọ̀ yẹn ká sábẹ́ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù sì fi ìwúwo ara rẹ̀ parí ọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí àgbà tí àga yẹ̀ mọ́ nídìí, ó sì wọ́ wọnú pápá.

Pẹ́pẹ́yẹ ò wẹ̀yìn. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ sọdá.

Ẹnikẹ́ni ò kú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn. Àmọ́ àwọn tí kò de bẹ́líìtì ti fò kiri inú ọkọ̀ bí aṣọ inú ẹ̀rọ. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù, láti ẹ̀yìn pátápátá, àárín ọkọ̀ ló bá ara rẹ̀, apá rẹ̀ sì ti tẹ̀ síbi tí apá kì í tẹ̀ sí. Orí obìnrin kan là. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀, ẹnu tí Ẹ-Má-Bínú pa mọ́ ló mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àpọ́n. Eyín méjì ló bá a lọ.

Ilẹ̀kùn nọ́ńbà mẹ́rìnlá ní tiẹ̀ fò kúrò lórí ọkọ̀, ó gún sínú ẹrẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán láàárín pápá bí ẹni pé ilé ń bọ̀ lẹ́yìn. Àgbẹ̀ tó kọ́kọ́ sáré wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ti kan án kó tó rí i pé kò sí ògiri. Bí wọ́n ṣe ń ké náà ni àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọ̀hún kò sì ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Ẹ-Má-Bínú jáde láti ojú fèrèsé. Ó yẹ ara rẹ̀ wò, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò síbi kankan tó bó lára rẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ ló dì í mú. Gbogbo wọn wà nílẹ̀ tí wọ́n ń di orí di apá mú, òun nìkan ló dúró pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣì wà nínú ṣòkòtò. Ó ti de tiẹ̀. Èyí ló wá dùn ún jù, ì bá ti wù ú kí imú rẹ̀ tiẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó wolẹ̀. Díńgí kọ́bọ́ọ̀dù ti fọ́ ká orí koríko, ojú rẹ̀ sì wà nínú gbogbo èérún rẹ̀, níbi gbogbo tó bá yíjú sí.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni Máníjà ti bá wọn. Ó fa awakọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní Baba Awakọ̀ ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò níbi iṣẹ́ tí kò sí mọ́. Tí Ẹ-Má-Bínú bá lè ní baba náà ò kọ́ òun ní nǹkan kan, ọ̀rọ̀ náà á fúyẹ́ fún gbogbo èèyàn. Àpọ́n tí wọ́n ki òwú sẹ́nu jókòó nítòsí, ó ń mi orí sí i pé kó gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó di ojú.

“Ó kọ́ mi, sà,” Ẹ-Má-Bínú ní. “Gbogbo ẹ̀ ni mo mọ̀.”

Ìyá la ojú.

“O mọ̀ ọ́n?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.”

“O wá jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀.”

“Ojú yín ni mò ń wò, mà.”

“Ojú mi lo wò,” ó ní, “apá mi ló kán.” Ó sì kọjú sí ògiri.

Wọn ò lé e. Ì bá dáa kí wọ́n lé e. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ká táwẹ́ẹ̀lì, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti ń rí i. Ẹnikẹ́ni ò fi í ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Tó bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á gbẹ lẹ́nu wọn, á sì ku ohùn ẹ̀rọ nìkan. Ó wá mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ àná, ìfẹ́ ni.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ò pariwo. Ó kàn gbé àpótí òwú yẹn sórí tábìlì. Ó ní gbogbo ohun tí baba náà sọ ló jókòó síbí tó sọ fún òun, òun tí kò sí nínú ọkọ̀ kankan. Ó ní ìyá òun tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Ẹ-Má-Bínú ní ẹ má bínú. Ọmọbìnrin náà ní ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ti sú òun, ó sì ń bá ìránṣọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, ìyá ránṣẹ́ sí i pé kó wá rí òun nílé. Ó ra ọsàn, ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà dúró ni, ó sì ti gbà fún Ọlọ́run.

Pálọ̀ tó wọ̀ kò jọ pálọ̀. Wọ́n ti to àga sórí ìlà, méjì méjì, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi fèrèsé: àga oúnjẹ, àga onítìmùtìmù, àpótí ìdáná. Lẹ́yìn pátápátá ni Ìyá Aláyọ́ọ̀nù jókòó sí, apá rẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì àwọn dókítà. Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé ìwé ìròyìn dání bí èrò tí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kíṣìnì. Àga kékeré kan dá wà níwájú, àwo oúnjẹ kan sì wà lórí rẹ̀.

Ìyá ní ibẹ̀ ni ìjókòó awakọ̀, àwo yẹn ni sítíárìn. Ẹ-Má-Bínú wo bàbá bóyá ẹ̀fẹ̀ ni. Bàbá ṣí ojú ìwé ìròyìn. Ó bá lọ jókòó, ó gbé àwo dání, òógùn sì bọ́.

“A ti wọlé,” ìyá ní. “Ṣé bí a ṣe jókòó yìí dáa?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, bóyá—”

“Èmi ò mọ bóyá. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lára wa.”

Ó tún gbìyànjú, ohùn rẹ̀ sì jáde bí ti eku tó tẹ áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Àánú rẹ̀ ṣe bàbá, ó dìde wẹ́rẹ́, ó ti fẹ́ wá jókòó síwájú. Ìyá ní kó padà, pé ta ló pè é. Bàbá padà.

Ìyá ń dúró. Kò fọwọ́ sí sìmẹ́ńtì náà, àmọ́ Ẹ-Má-Bínú rí i bó ṣe gbé e lé itan bí ọmọ àìlera. Ó rántí bí apá yẹn ṣe tẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó dìde dúró.

“Màmá, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ wá síwájú. Tí ẹ bá wà lẹ́yìn, ọkọ̀ yìí ò ní kúrò níbí, bó di ọ̀la.”

Ó pariwo débi pé ará ilé kejì yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀. Etí rẹ̀ gbóná. Ó rò pé ó tán nìyẹn, pé wọ́n á ju ọsàn náà tẹ̀lé òun síta. Ìyá Aláyọ́ọ̀nù dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gba àárín àga kọjá, ó sì wá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé ìròyìn.

Ẹ-Má-Bínú mí. Ó jókòó, ó gbé àwo, ó tiẹ̀ fọwọ́ yí kọ́kọ́rọ́ tí kò sí.

Ọkọ̀ ò lọ. Ó yíjú wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó rí i pé àyà ìyá rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ń wò, níbi tí nǹkan kan yẹ kó gbà kọjá.

Bẹ́líìtì.

Ó tún gbàgbé. Ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé kó wọ abẹ́ àwo náà. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó fa ìborùn ìyá kúrò lẹ́yìn àga, ó gbé e kọjá àyà rẹ̀, ó rọra gbà á sábẹ́ apá tó kán náà, ó sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ìyá tẹ orí wo kókó tó ta, bó ṣe máa ń wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì.

“Kò fún,” ó ní.

Ẹ má bínú ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tú ìborùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un so.